Àjọgbé: Bí Ọpẹ́ Ṣe Ń Sọ Àlejò Di Ará Ilé ní Challenge

  Mo júbà àwọn àgbà tó ti sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin ṣáájú mi, àwọn tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn rẹ̀, àti àwọn tí wọ́n fi dàdàkúàdà kọ ọ́ lórin.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń rí ẹgbẹ́, ìgbàgbọ́ àti ìmoore nínú ìgbé ayé ìlú kékeré. Ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ kan kí n tó tẹ̀ síwájú, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ti máa sọ ọ́ nínú ara rẹ̀: Ìlọrin kì í ṣe ìlú kékeré. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2006, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tó pín ìlú náà láàárín ara wọn ní ènìyàn 777,667, ilé sì ti ń yọ sí i láti Ẹyẹńkọrin títí dé òpin Tanke láti ìgbà náà. Challenge gan-an, àárín gbùngbùn ìlú ló wà. Kẹ̀kẹ́ màrúwá àti takisí ń já èrò síbẹ̀ láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Síbẹ̀, bí a bá rí ibi tí ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ti mọ̀ pé ìyá ẹlẹ́kọ òdìkejì títì kò yọjú láàárọ̀, tó sì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ wo ohun tó ṣe é, ìlú kékeré ni mo pe ibẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún ló ń gba àárín wọn kọjá. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú Ìlọrin. Challenge jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, mo sì fẹ́ kí á wò ó dáadáa, nítorí pé ó ní ohun kan tó lè kọ́ wa tí àwọn àdúgbò tó ti wà látayébáyé lè má fi hàn wá. Ní Ajíkòbí tàbí Alánàmú, ènìyàn bá agboolé nílẹ̀. Kí wọ́n tó bí i ni wọ́n ti mọ ẹni tí yóò jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ní Challenge, ọ̀pọ̀ wa ló ti ibòmíràn wá. Ará Ọ̀fà wà níbí, ará Ìgbómìnà wà níbí, Núpé, Hausa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ Igbo tó ń ta fóònù. Ìṣòwò ló kó wa jọ. Kí ló wá sọ wá di ara wa?

Èrò mi, tí mo wá gbé kalẹ̀ níwájú yín, ni pé ọpẹ́ ló ṣe é. Mi ò sọ pé ọpẹ́ inú ọkàn. Ọpẹ́ tí a fi ẹsẹ̀ rìn lọ dá ni mo ní lọ́kàn, tí ojú gbogbo ènìyàn rí, tí ẹni tó gbà á náà yóò ní láti dá padà lọ́jọ́ kan.

Ẹ wo orúkọ tí a ń pe ibí. Àwọn òpópónà ńlá tó wà nítòsí wa, ìjọba ló sọ wọ́n lórúkọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo ni gómìnà ológun Kwara nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ pa á ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, 1976. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Èkó. Àwọn méjèèjì ló ní òpópónà ní Ìlọrin, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bá gbàgbé àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó jókòó ìpàdé láti pe ibí ní Challenge. Ilé ìtàwé kan ni a fi ń júwe rẹ̀, ilé ìtàwé àwọn oníwàásù SIM (Sudan Interior Mission), àwọn tí ìjọ ECWA jáde láti inú iṣẹ́ wọn ní 1954. Orúkọ ìwé ìròyìn wọn, African Challenge, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1951, ni ilé ìtàwé náà ń jẹ́. Ẹnu awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ló gbé orúkọ yẹn kúrò lára pátákó tó fi di orúkọ àdúgbò.

Kí á tó lè mọ bí èyí ṣe jinlẹ̀ tó, a ní láti padà sẹ́yìn. Ní 1855, Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wọ Ìlọrin. Ẹ́míà Shita ló wà lórí oyè. Wọ́n gbà á lálejò, ó rí ọba bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yọ̀ǹda fún un láti fìdí iṣẹ́ ìwàásù kalẹ̀ nínú ìlú. Ògbómọ̀ṣọ́ ló padà lọ dá ibùdó sí ní ọdún kan náà. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò ṣílẹ̀kùn fún ìwàásù, nítorí pé ìlànà ìjọba amúnisìn Lugard ni pé kí a má fi tipátipá gbé àwọn oníwàásù wọ ìlú àwọn ẹ́míà. Àwọn SIM fúnra wọn jìyà kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ gbé lé ilẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, ló wọ Èkó ní 1893. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Ìgbà kẹta tí Bingham gbìyànjú ni wọ́n tó rí ibùdó àkọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní 1902, ní Patigi, ìlú Núpé tó wà nínú Kwara òde òní.

Ìlú kan náà tí kò gba Bowen láyè ló wá ń fi orúkọ ilé ìtàwé àwọn Kírísítẹ́nì júwe ọ̀nà lónìí. Àlhájì tó ń sáré kí Jímọ̀ má bàa kọjá rẹ̀ yóò sọ fún ọlọ́kọ̀ pé, "Challenge ni mo ti máa bọ́." Ìyá tó ń lọ sí àsálátù yóò ní kí wọ́n já òun sí Challenge. Wọn kò yí ẹ̀sìn padà, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n yí i padà. Bí mo ṣe rí i nìyí: ìwé ni ilé ìtàwé náà ń tà, ọmọ gbogbo ènìyàn ló sì ń ka ìwé. Bàbá tó bá rí ìwé kíkà rà fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ kò ní gbàgbé ojú ibẹ̀. Orúkọ tí ìlú fi sílẹ̀ sẹ́nu, ọpẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ rẹ̀ ni, mo sì gbà pé ó ju òpópónà tí a fi àṣẹ sọ lórúkọ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo, tó kọ́ni ní ìmọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lo ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá tó ṣe ní 1980: àjọbí àti àjọgbé. Àwọn kan so pọ̀ nítorí pé orísun kan ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Àwọn mìíràn so pọ̀ nítorí pé ibì kan ni wọ́n jọ ń gbé. Mo fẹ́ràn pé inú èdè wa ló ti mú un, kò yá a lọ́wọ́ Jámánì tàbí Faransé, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jókòó láti gbọ́ ohun tó sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ ìlú tí àjọgbé ti kọ́, kí ẹ má lọ jìnnà. Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà níbí, Shehu Alimi tó jẹ́ Fúlàní dé bá a, Ṣọlágberú kó àwọn Mùsùlùmí Yorùbá jọ sí Òkè Súnà, àwọn Hausa ní Gàmbàrí. Títí di òní, Balógun mẹ́rin ló wà: ti Gàmbàrí, ti Fúlàní, ti Ajíkòbí àti ti Alánàmú. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn nínú ìtàn náà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n pa Àfọ̀njá, wọ́n pa Ṣọlágberú náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó yẹ kí á bi ara wa ni bí àwọn ọmọ àwọn tó bára wọn jà ṣe wá di ẹni tó ń fi ọmọ fún ara wọn, tí wọ́n ń jọ sin òkú, tí èdè kan náà sì wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Àjọbí kò nílò kí á máa ránni létí. Orúkọ ìdílé ń ránni létí. Àjọgbé ló ní láti máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lójoojúmọ́. Bí ará ilé rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, ẹ ṣì jẹ́ ọmọ ìyá lọ́la. Bí aládùúgbò bá ṣẹ̀ ọ́, tí ẹ kò sì parí rẹ̀, ó tán nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọpẹ́ ni àjọbí àwọn tí kò bára wọn tan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo wa ń rí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ sọ ọmọ lórúkọ. Láti ìdájí ni àwọn ìyá tí ìsọ̀ wọn jọ wà ní ìlà kan ti dé. Ẹnìkan ń gé àlùbọ́sà, ẹnìkan ń bu omi, ẹnìkan kàn jókòó ti àwọn àgbà kí wọ́n má bàa dá wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àbáwọlé ni ọmọdébìnrin kan wà pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó ń kọ orúkọ àti iye tí olúkúlùkù mú wá. Àwọn àjèjì máa ń rò pé ìwé owó ni. Mo ti wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀kan tí ìyá kan fi pa mọ́ sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ewé rẹ̀ ti ń já. Bó ṣe ń ka àwọn orúkọ náà fún mi, kò ka iye owó rárá. "Èyí ló gbé mi lọ ọsibítù nígbà tí mo bí Sékínà. Èyí, ọkọ rẹ̀ kú, mo sun ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹta." Ìwé ẹbí rẹ̀ ni, ẹbí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ.

Bí ìnáwó bá parí, iṣẹ́ ṣì kù. Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, onínàáwó yóò jáde láti máa dúpẹ́ kiri. Yóò dé ìsọ̀ kan, yóò kúnlẹ̀ bó bá jẹ́ àgbà, yóò ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ kú àná, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi irú rẹ̀ ṣòfò." Wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á ṣe àdúrà fún ọmọ, yóò sì lọ sí èkejì. Ó lè gba gbogbo òwúrọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ní ó ń fi àkókò ṣòfò, nígbà tó yẹ kó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yẹn ló ń sọ fún olúkúlùkù pé òun rí i. Àwọn bàbá wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó? Wọn kò pè é ní aláìmọ̀wàáhù lásán, olè ni wọ́n fi wé. Nítorí pé oore tí a kò dúpẹ́ rẹ̀ gé okùn náà síbi tó dé, ẹni tí ì bá tún kàn kò ní rí i gbà mọ́.

Bákan náà ni ti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ ìránṣọ tàbí ìtẹ̀wé fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kò lè kàn kó irinṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fíríìdọ̀mù fún un. Ọ̀gá yóò jókòó, ọmọ yóò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní gbangba, òbí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá náà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ fún sùúrù rẹ̀. Mo ti rí i níbi tí àlùfáà àti pásítọ̀ ti jọ ṣe àdúrà fún ọmọ kan, torí ọ̀gá jẹ́ Mùsùlùmí, òbí ọmọ sì jẹ́ ọmọ ìjọ. Kò sí ẹni tó wí nǹkan kan sí i. Bó ṣe yẹ kó rí ni.

Mo ti wá dé ibi ìgbàgbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Ìlọrin, ẹ dúró sí Challenge kí ẹ wo ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ àsálátù ń kọjá, àwọn obìnrin tó wé gèlè lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń kọjá, wọ́n sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú kẹ̀kẹ́ kan náà. Ìlú ìmọ̀ ni ìlú yìí. Ibí ni Shaykh Kamalud-deen al-Adabiy ti dá ẹgbẹ́ Ansar-ul-Islam sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, tó fi kéwú àti ìwé jọ kọ́ àwọn ọmọ. Shaykh Adam Abdullah al-Ilori, ọmọ ìlú yìí tó lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá Markaz sílẹ̀ tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, fi ìwé odidi kan kọ ìtàn àwọn àlùfáà Ìlọrin. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọpẹ́. Ẹni tí orúkọ tirẹ̀ ti kàn dé ilẹ̀ Lárúbáwá padà jókòó láti kọ orúkọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ìgbàgbọ́ ṣe fún ọpẹ́ ní Challenge, mo rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí. Oore máa ń wúwo. Ẹni tí wọ́n bá ṣe lóore tó pọ̀ jù lè di ẹrú. Àwọn onímọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Marcel Mauss, ará Faransé, kọ̀wé lórí ẹ̀bùn ní 1925, ó sì fi hàn pé kò síbi tí ẹ̀bùn ti jẹ́ ọ̀fẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè ìdápadà. Ẹ wá gbọ́ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń dáhùn bí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. "Kò tọ́pẹ́." "Ọlọ́run ni kí ẹ dúpẹ́ fún." "Alhamdulillahi." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn rẹ. Ó ń sọ pé òun náà gbà á lọ́wọ́ Ẹnìkan kí òun tó fún ọ, nítorí náà, ẹgbẹ́ ni ẹ̀yin méjèèjì níwájú Olóore kan náà. Àwọn àlùfáà sì kọ́ wa, láti inú hádíìsì, pé ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah. Ìhà méjèèjì ni wọ́n dí: má sọ ènìyàn di ọlọ́run rẹ, má sì fi Ọlọ́run bojú láti fi ojú fo ènìyàn.

Nínú Ìhìnrere Lúùkù ẹ̀wẹ̀, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn. Mẹ́sàn-án bá tiwọn lọ. Ẹnìkan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni, àjèjì. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí àwọn mẹ́sàn-án. Èyí àjèjì ló máa ń mú mi lọ́kàn. Àwọn mẹ́sàn-án ní ilé tí wọ́n ń sáré padà lọ. Wọ́n ní àjọbí. Òun tí kò ní ẹni kan níbẹ̀ ló mọ̀ pé ọ̀nà tí òun fi lè di ẹnìkan láàárín wọn ni kí òun padà.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbí, mo tàn yín jẹ. Ìlú yìí ti rí ọpẹ́ tó di wàhálà. Gbogbo ẹni tó dàgbà níhìn-ín ló mọ Ilé Arúgbó. Ibẹ̀ ni Dókítà Olusola Saraki, olóṣèlú tí ìlú ń pè ní Olóyè, ti máa ń gba àwọn àgbà lálejò, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn, tí wọ́n sì ń ṣe àdúrà fún un. Ó kú ní oṣù Kọkànlá, 2012. Ní 2019, ariwo "Ó tó gẹ́ẹ́" gba Kwara kan, ìjọba sì bọ́ lọ́wọ́ ìdílé náà àti àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, 2020, ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq wó ibẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ìjọba ni. Ìdílé ní tiwọn ni. Ìròyìn àwọn ìyá arúgbó tó ń sunkún níbẹ̀ kárí Nàìjíríà.

Àwọn kan fi àwọn ìyá yẹn ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà pé nítorí ìrẹsì ni wọ́n ṣe ń sunkún. Ó dùn mí. Ẹni tó fún ènìyàn lóúnjẹ nígbà tí ebi ń pa á ti ṣe ohun kan, ẹni tó sì jẹ ẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rántí rẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú àgbàlagbà nítorí pé ó moore. Síbẹ̀, ohùn "Ó tó gẹ́ẹ́" náà ní ohun tó ń sọ, a kò sì gbọ́dọ̀ di etí sí i. Oore tó ń ti ibì kan ṣoṣo wá, tí ẹni tó gbà á kò ní rí àyè láé láti dá a padà bí ẹgbẹ́, kò lè kọ́ àdúgbò. Ó lè kọ́ ààfin. Ìyá tó ní ìwé ewé-jíjá yẹn, ó gbà, ó sì fún. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn mìíràn bí tiwọn ṣe wà nínú tirẹ̀. Àwọn àgbà wa tó tò síwájú ilé olówó, ìwé ta ni orúkọ wọn wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí Ìlọrin máa bi gbogbo olóṣèlú nìyẹn, láìka ẹgbẹ́ tó ti wá sí.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejì, 2021, ìjọba ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin, àwọn ilé-ìwé tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ tí ìjọba sì ń náwó lé lórí, nítorí àríyànjiyàn bóyá kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ híjáàbù wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí wọn padà ní oṣù Kẹta, òkò fò, àga fò, ènìyàn fara pa. Ní Surulere, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń pín oúnjẹ Iléyá àti ti Kérésìmesì fún ara wọn, wọ́n dojú kọ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.

Mo ti gbọ́ àlàyé lórí òfin àti lórí ẹ̀tọ́, ilé-ẹjọ́ sì ti sọ tirẹ̀. Lójú tèmi, ọpẹ́ ló kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Ìjọ ní, "Àwa la ra ilẹ̀, àwa la kọ́ ilé, a kọ́ ọmọ gbogbo yín, ẹ kò sì ní lè bọ̀wọ̀ fún ìlànà wa?" Mùsùlùmí ní, "Láti ìgbà tí ìjọba ti gba àwọn ilé-ìwé yìí ní àwọn ọdún 1970, owó orí wa wà nínú rẹ̀, ọmọ wa ló kún ibẹ̀, ẹ kò sì ní lè gbà wọ́n bí wọ́n ṣe rí?" Ìhà kọ̀ọ̀kan gbà pé èkejì ti jẹ gbèsè ọpẹ́. Kò sì sí ẹni tó tíì lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì láti dá a kí ọ̀rọ̀ tó di ti àga àti òkò. Mo gbà láìṣiyèméjì pé bí àwọn òbí Mùsùlùmí tó jáde ilé-ìwé wọ̀nyẹn bá ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní gbangba, tí àwọn ìjọ náà sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú tó fún wọn ní ilẹ̀ àti ọmọ, ìjókòó tí wọn ì bá jọ ṣe lórí híjáàbù ì bá yàtọ̀. Ó lè má yanjú ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kọ́ ni wọn ì bá ti máa ṣe é.

Àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn ti ń wo fóònù wọn, ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ṣókí. Mo mọ̀ pé owó ìnáwó ti di ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ọpẹ́ sì ti di àwòrán òdòdó lórí WhatsApp. Ẹni tó wà ní Kánádà kò lè wá dúpẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ó dára. Ẹni tó wà ní Tanke ló yẹ kó gun ọkọ̀ wá. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ní Challenge tó ti wá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Abuja, tó bá wá Iléyá nílé, kó kọ́kọ́ yọjú sí ọ̀gá rẹ̀ kó tó lọ wo ẹṣin níwájú ààfin.

Àwọn tó pè mí bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí àdúgbò yìí ṣe lẹ́yìn ìjókòó òní. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n sì ní kí n sọ ọ́ fún gbogbo ìpàdé. Mo fẹ́ kí Challenge ní ìwé kan. Kí ẹni méjì máa tọ́jú rẹ̀, kí àwọn mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí yan ọ̀kan, kí àwọn ìjọ yan èkejì, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ wọn lọ́dọọdún kó má bàa di ti ẹnìkan. Kí á kọ orúkọ àwọn tó ṣe àdúgbò yìí lóore sínú rẹ̀, olóògbé àti alààyè: ẹni tó fún àlejò ní etí ìsọ̀ láti gbé àpótí sí láìgba owó, ìyá tó ń fún ọmọ oníkẹ̀kẹ́ lómi, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ìwé kíkà lẹ́yìn tí wọ́n bá tilẹ̀kùn, àwọn tó tawé ní ilé ìtàwé ìjelòó. A kò ní kọ iye owó kankan sí i, a kò sì ní gba orúkọ olóṣèlú tó ṣì ń du ipò. Kí á máa kà á jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ Sátidé kí ó má bàa bọ́ sí Jímọ̀ tàbí Àìkú, kí ẹni tó kọ orúkọ dìde sọ ohun tí ẹni náà ṣe fún un, kí àwọn tó wà láàyè sì wà níjòókòó láti gbọ́ ọ.

Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bírò méjì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó sọ ọ́, àwọn ọmọ yóò bá a kọ ọ́. Àwọn àgbà ni kí á kọ́kọ́ jẹ́ kó kọjá.